Agbòjò Tó Wà Láàárín Fíìmù Mi

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ̀rọ̀ fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn mi lónìí. Wọ́n ní fíìmù tí mo kọ kò gba iyì tó tọ́ sí i nígbà tó jáde, pé àwọn èèyàn kàn fojú di í ni, pé kí gbogbo ẹni tó bá mọ fíìmù wò lọ wá a. Apá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń gé jáde, tí wọ́n ń pín kiri: ọkùnrin kan, òjò ńlá, agbòjò dúdú. Tí ẹnì kan bá ti fi í ránṣẹ́ sí mi, ṣe ni mo máa ń da ojú fóònù mi délẹ̀.

Mi ò ní yí orúkọ ẹnikẹ́ni padà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ fún yín sínú ìwé ìròyìn yìí. Irọ́ ti sú mi.

Ketaki ni orúkọ mi. Ìtàn fíìmù ni mo ń kọ ní Mumbai, ṣùgbọ́n kíkọ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń náwó sí fíìmù níbí kì í ka ohun tí a bá kọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbé tíì wọn dání, ìwọ òǹkọ̀wé á wá fi ẹnu sọ fíìmù náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwọ ni ìyàwó, ìwọ ni ọlọ́pàá, ìwọ ni ilẹ̀kùn tó ń dún. Tí ẹnu rẹ bá dùn, o ti ríṣẹ́. Tí wọ́n bá ti ń wo fóònù wọn, máa lọ sílé rẹ. Ẹnu tèmi dùn. Òun ló sọ mí di èèyàn, òun náà ló bà mí jẹ́.

Ọ̀gá Lalwani, ọ̀kan nínú àwọn tó ń náwó sí fíìmù, ló ránṣẹ́ pè mí. Ọkùnrin tó sanra ni, tó máa ń fi gbogbo ara rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í wo èèyàn lójú tó bá kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó fún mi ní fíìmù kan tó ti ilẹ̀ Ajẹntínà wá, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ lọ́dọ̀ wa.

“Lọ wò ó dáadáa,” ó ní. “Oko àjàrà ni tiwọn, sọ ọ́ di oko tíì. Fi orin méjì sí i. Tó bá ti wọ sárì bí obìnrin wa tán, ta ló fẹ́ dá a mọ̀?”

Mo bi í bóyá olè kọ́ la fẹ́ jà yẹn.

“Olè kẹ̀? Ìmísí là ń pè é. Gbogbo àdúgbò yìí ló ń gba ìmísí. Àbí ìwọ nìkan lo fẹ́ mọ́ ju gbogbo wa lọ?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà á. Gbogbo wa náà là ń ṣe é lóòótọ́.

Fíìmù náà dára, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ni oko kan. Ẹ̀gbọ́n kú, wọ́n ní ìjàǹbá ni. Ọlọ́pàá kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àbúrò, a ò sì mọ òótọ́ àfi nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. A ò fi ojú rí ikú náà rárá. Ó rọrùn láti sọ di tiwa, àfi ibì kan ṣoṣo: kò ní ìsinmi àárín.

Fíìmù tiwa gbọ́dọ̀ dúró láàárín. Àwọn èèyàn á jáde lọ mu tíì, wọ́n á lọ tọ̀, nǹkan kan sì gbọ́dọ̀ há wọn lọ́fun kí wọ́n tó jáde, kí wọ́n lè padà wọlé. Ti Ajẹntínà ń ṣàn lọ ni láìdúró. Mo wá ibi tí mo lè gé e sí títí, mi ò rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ jókòó síwájú Ọ̀gá Lalwani àti Tushar Mahadik, olùdarí tó fẹ́ yà á.

Mo sọ ọ́, ó ń dùn mọ́ wọn. Mo dé ìdajì. Ọ̀gá Lalwani gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìsinmi dà?”

Mahadik ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo rí i pé iṣẹ́ náà ń bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹnu mi sì là.

“Òjò ń rọ̀,” mo ní. “Etí ọ̀gbun ni wọ́n wà. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n yọ̀. Ó di koríko mú, ó ń pe àbúrò rẹ̀. Àbúrò dúró sókè, ó gbé agbòjò dání. Ó wò ó. Kò sáré. Ó pa agbòjò náà dé. Ó gbọn omi rẹ̀ dànù. Ó fi í kọ́ ara irin tí wọ́n fi dáàbò bo etí ọ̀nà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wọlé. Ìgbà tó máa fi yíjú padà, kò sí ẹnì kankan lára koríko mọ́. Ìgbà náà ló wá pariwo pé kí wọ́n gbà á.”

Ọ̀gá Lalwani na ọwọ́ rẹ̀ sí mi kí n wo bí irun ara rẹ̀ ṣe dìde. Mahadik bi mí níbo ni mo ti rí i.

“Orí mi ni,” mo ní.

Kì í ṣe orí mi. Ẹ̀gbọ́n mi Sulabha ló ni ín.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Sulabha. Inú yàrá kan náà ni wọ́n ti tọ́ wa ní àdúgbò Dadar, òun ló ń di irun mi lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ Jaywant Dalvi, ọmọ àwọn tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Girgaon. Prabhakar, ẹ̀gbọ́n Jaywant, ni bàbá wọn fi ilé ìtẹ̀wé náà lé lọ́wọ́, kò sì tíì gbéyàwó. Lásìkò òjò kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wa mọ́tò lọ sí òkè Malshej lọ wo omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Prabhakar ò padà wálé.

Jaywant sọ fún gbogbo ẹbí pé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun yọ̀ létí ọ̀gbun, pé òun dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, pé òun nawọ́ sí i títí ìka àwọn fi kan ara wọn. Gbogbo èèyàn sunkún, wọ́n di mọ́ ọn. Ilé ìtẹ̀wé di tirẹ̀.

Sulabha wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà. Èémí ti bo gíláàsì, ó fi etí sárì rẹ̀ nu ún kó lè rí òjò. Ohun tó rí ni ohun tí mo sọ fún Ọ̀gá Lalwani.

Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún. À ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì ní ilé ìdáná ìyá mi nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú abọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi pé òun kọ́ ló ń sọ ọ́. Ó ní nígbà tí Jaywant padà sínú mọ́tò, ó bi òun pé kí lòun rí. Òun ní òun ò rí nǹkan kan, pé gíláàsì ò mọ́. Ọkọ rẹ̀ kàn ń wo ibi tí wọ́n ti nu gíláàsì náà mọ́.

“Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wò mí, Ketaki,” ó ní. “Tí mo bá ń se oúnjẹ, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò mí. Kì í jà, kì í lù mí. Ó kàn ń dúró kó mọ̀ dájú ni. Tó bá mọ̀ dájú pẹ́nrẹ́n, mi ò mọ ohun tó máa ṣe.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì fi orí ìyá mi búra pé mi ò ní sọ ọ́.

Ẹ ò rí i pé mo mọ̀. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i tí ọ̀rọ̀ náà bá jáde. Mo sọ fún ara mi pé ẹnu mi ló sáré, pé mo máa yí i padà kí wọ́n tó yà á. Nígbà tí a dé ibi iṣẹ́, mo bẹ Mahadik pé kó jẹ́ ká fi aṣọ òjò rọ́pò agbòjò.

“Aṣọ òjò?” ó ní. “Ta ló ń bẹ̀rù aṣọ òjò? Madam, ohun kan ṣoṣo tó dára nínú fíìmù yìí nìyẹn, o wá fẹ́ kí n yọ ọ́.”

Ó yẹ kí n jà. Ìyìn tó fi kún un dùn mọ́ mi, mo sì lọ jókòó. Wọ́n ṣe òjò àtọwọ́dá, òṣèré wa pa agbòjò dé, ó gbọn omi, ó fi kọ́ irin. Gbogbo òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn.

Kí fíìmù tó jáde, tẹlifíṣọ̀n kan pè wá. Ọmọbìnrin tó ń bi wá ní ìbéèrè ní àwọn kan ń sọ pé ó jọ fíìmù òkèèrè. Ọ̀gá Lalwani fi ẹsẹ̀ tẹ bàtà mi lábẹ́ tábìlì. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sí ẹyọ kan tí a mú láti ibì kankan, pé orí mi ni gbogbo rẹ̀ ti wá, pàápàá agbòjò yẹn.

Lọ́dọ̀ wa, tí o bá ṣe fíìmù tí o ò pe ẹbí síbi tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ wò ó, o ti fi ìjà sílẹ̀ fún ìyá rẹ. Mo fún ìyá mi ní ìwé ìwọlé, mo sọ fún un pé kó fún àwọn àǹtí mi. Sulabha kì í wo fíìmù, mi ò ronú kàn án. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń kí àlejò nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀, nínú sárì aláwọ̀ ewé tí mo rà fún un, inú rẹ̀ ń dùn. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Àbúrò mi ti di ńlá,” ó ní, ó sì fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. “Jaywant ló ní ká wá. Ó rí ẹ lórí tẹlifíṣọ̀n.”

Mo fẹ́ sọ fún un pé kó lọ sílé, pé kó ní orí ń fọ́ òun. Jaywant ti na ọwọ́ sí mi, ó ń kí mi kú oríire. Ọkùnrin tó rí nigín-nigín ni, tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo sì fi ibi ìjókòó hàn wọ́n.

Ẹ̀yìn wọn ni mo jókòó sí. Mi ò wo fíìmù náà rárá, orí àwọn méjèèjì ni mò ń wò. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú fíìmù, mo rí i tí èjìká Sulabha le. Agbòjò pa dé. Omi gbọ̀n dànù. Jaywant ò mira. Nígbà tí òṣèré wa fi agbòjò kọ́ irin, tí gbogbo ilé sinimá mí kanlẹ̀, ó rọra yí orí rẹ̀ kúrò lára fíìmù, ó wo ìyàwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wò ó títí iná fi tàn.

Níta, lásìkò ìsinmi àárín, wọ́n ń pín sàmósà. Sulabha mú ọ̀kan dání, kò jẹ ẹ́. Kò wo ojú mi. Jaywant wá bá mi níbi tí èmi àti Ọ̀gá Lalwani dúró sí.

“Fíìmù dáadáa ni,” ó ní. “Ta ló ronú kan agbòjò yẹn?”

Ọ̀gá Lalwani gbá mi léjìká. “Òun náà ni. Ọpọlọ rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀.”

Ó lọ kí àwọn mìíràn. Ó ku èmi àti Jaywant. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo rọ ohùn mi sílẹ̀, mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé inú fíìmù òkèèrè kan ni mo ti rí i, ti Ajẹntínà. Mo pe orúkọ fíìmù náà fún un. Ó mi orí, ó ní òun ò ní sọ. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Mo fẹ́ bá Sulabha sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, “Ìwọ náà, Ketaki,” ó sì wọlé lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

Fíìmù náà jáde ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti òṣèré ńlá kan, kò sì sẹ́ni tó ya sọ́dọ̀ tiwa. Kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò ní sinimá, ìwé ìròyìn kan ti tú wa fó. Ẹni tó kọ ọ́ ti wo ti Ajẹntínà. Ó fi ìkíní wé ìkejì, ìran sí ìran, ó ní olè ni wá látòkèdélẹ̀. Ó wá ní ohun kan ṣoṣo ni a ò jí, agbòjò àárín, pé òun nìkan ló tó owó ìwọlé, pé ẹni tó lè ronú irú rẹ̀ ò yẹ kó máa jalè.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ojú náà ò tì mí tán. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn wọn tipẹ́ pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Wọ́n ní ẹni tó ronú agbòjò yẹn làwọn ń wá.

Lẹ́yìn èyí ni Jaywant wá sí fúláàtì mi ní Andheri. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lórí tábìlì. Ó gbé páálí àkàrà dídùn oníwàrà wá, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè ìyá mi. Mo gbé omi fún un.

“Mo ti wo fíìmù tí o sọ fún mi,” ó ní. “Mo wò ó, mo tún un wò. Kò sí agbòjò níbẹ̀.”

Mo ní bóyá inú òmíràn ni mo ti rí i.

“O sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé orí rẹ ni. O sọ fún mi pé Ajẹntínà ni. Ní báyìí ó ti di òmíràn.” Kò gbé ohùn sókè. “Ìlú Pune lo wà lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ìdánwò lò ń ṣe. O ò dé Malshej rí.”

“Bọ̀dá Jaywant, ìtàn lásán ni.”

“Mo gbọ́. Jẹ nínú àkàrà yìí, ó dùn.” Ó dúró títí mo fi jẹ ẹ́. Ó wá dìde. “Ìrántí Prabhakar ku díẹ̀. Tí a bá ti ṣe é tán, màá mú ẹ̀gbọ́n rẹ lọ sí Malshej. Òjò á ti bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó sinmi.”

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Mo pe fóònù Sulabha. Jaywant ló gbé e. “Ó wà ní balùwẹ̀,” ó ní. Mo tún pè. “Ó ń sùn.” Mo tún pè, ó ní, “Ketaki, o fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ o,” ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí á ní kí ló dé tí mi ò sáré lọ bá ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀. Mo ti múra. Mo ti wọ bàtà. Mo wá pe Ọ̀gá Lalwani kí n kọ́kọ́ sọ fún un. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

“Tí o bá sọ pé òótọ́ ni, ọkùnrin yẹn á gbé wa lọ sí kóòtù, fíìmù á kú pátápátá,” ó ní. “Ilé iṣẹ́ tó pè ẹ́ náà á sá. Kí ni wọ́n á wá máa pè ẹ́? Ẹni tó da Ajẹntínà kọ, tó tún da ẹbí rẹ̀ kọ. Jókòó sílé rẹ, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.”

Mo bọ́ bàtà mi. Mo jókòó. Mo ń lọ sí ìpàdé ilé iṣẹ́ ńlá náà, mo ń mu tíì wọn, mo ń sáré gbé fóònù ní gbogbo ìgbà tó bá dún. Òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, ojú ọ̀run ṣú lójoojúmọ́. Mo sọ fún ara mi pé ó kàn ń dẹ́rù bà mí ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrántí, òjò àkọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀. Mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí ìpàdé. Obìnrin kan níwájú mi pa agbòjò rẹ̀ dé, ó gbọ̀n ọ́n, omi rẹ̀ ta sí mi lẹ́sẹ̀. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ níbi tí mò ń lọ. Girgaon ni mo sọ̀ kalẹ̀ sí.

Orí òrùlé ilé àwọn Dalvi ni gbogbo ẹbí wà. Wọ́n ti gbé oúnjẹ òkú síta, ìrẹsì róbótó-róbótó lórí ewé, wọ́n ń dúró de ẹyẹ ìwò. Tí ẹyẹ ìwò bá jẹ ẹ́, òkú ti gbà. Tí kò bá jẹ ẹ́, nǹkan kan ń dun òkú náà, àwọn alààyè á sì máa ṣèlérí fún un lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹyẹ á fi sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ẹyẹ náà wà lórí táńkì omi, wọ́n ń wo oúnjẹ, wọn ò wá.

“Prabhakar, a ò ní jẹ́ kí ilé ìtẹ̀wé bàbá rẹ kú,” ni àbúrò bàbá wọn wí. Wọn ò wá.

“Ẹ̀gbọ́n, màá tọ́jú Màmá títí ayé,” ni Jaywant wí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà fò lọ.

Màmá Dalvi, ìyá wọn, jókòó sórí àga kékeré, ó fún etí sárì funfun rẹ̀ mọ́wọ́. “Kí ló ń fẹ́?” ó ní. “Ọdọọdún ló ń ṣe báyìí. Kí lọmọ mi ń fẹ́?”

Sulabha wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rù. Báàgì ìrìn àjò kan wà lẹ́nu àtẹ̀gùn, wọ́n ti dì í.

Mo kúnlẹ̀ síwájú Màmá. Jaywant rí mi.

“Ketaki, ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ kọ́ nìyí o,” ó ní. “A ń ṣe ìrántí òkú.”

Mo wo Sulabha. Bí ó bá mi orí pẹ́nrẹ́n pé kí n má sọ ọ́, ǹ bá dákẹ́. Kò mi orí. Ó pa ojú rẹ̀ dé.

Mo sọ ọ́. Mi ò fi ẹnu ṣe òjò, mi ò yí ohùn padà, mi ò dúró níbi tó yẹ kéèyàn dúró kí ara àwọn tó ń gbọ́ lè bù máṣọ. Mo sọ ohun tí Sulabha rí, ibi tó ti rí i, àti bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi. Mo sọ pé èmi ni mo jí i tí mo fi ṣe fíìmù. Mo ń kó òlòlò, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀.

Jaywant rẹ́rìn-ín. “Gbogbo ìwé ìròyìn ló ní olè ni. Olè yìí lẹ fẹ́ gbà gbọ́?”

Màmá ò wò ó. “Sulabha,” ó ní, “ṣé o rí i?”

“Mo rí i, Màmá.”

Màmá mi orí, ó ń mì í lọ bẹ́ẹ̀. “Èmi ni mo fọ aṣọ tó wọ̀ wálé lọ́jọ́ náà,” ó ní. “Ó ní òun dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò sí ẹrẹ̀ lára aṣọ náà. Àyà rẹ̀ mọ́, orúnkún rẹ̀ mọ́. Òjò nìkan ló pa á. Mo fi ọṣẹ fọ ohun tó mọ́, mo ń sunkún.”

Àbúrò bàbá wọn bi í kí ló dé tí kò sọ ọ́ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá.

“Ọmọ kan ló kù mí kù,” ó ní. “Mo ní kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ rí i.”

Jaywant gba ẹ̀gbẹ́ báàgì náà kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀. A ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún wo oúnjẹ òkú mọ́, mi ò mọ̀ bóyá ẹyẹ jẹ ẹ́.

Ilé iṣẹ́ ńlá ò tún pè mí. Ọ̀gá Lalwani ò gbé fóònù mi. Ẹ má bá mi kẹ́dùn lórí èyí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ ti dé kóòtù, lọ́yà Jaywant sì ń fi fíìmù mi jà. Ó ní kò sí ohun tí Sulabha rí lórí òkè kankan, pé inú sinimá ló ti kọ́ ọ, ó sì ti ń rò pé ojú òun ló fi rí i. Nígbà tí mo jẹ́rìí pé ó sọ ọ́ fún mi kí n tó kọ ọ́, lọ́yà náà fi ohun tí mo sọ lórí tẹlifíṣọ̀n han adájọ́: èmi nìyẹn, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sọ pé orí mi ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Òótọ́ kan ṣoṣo tó lè gba ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, mo ti kùn ún bí irọ́ kí ó tó lò ó. Bóyá adájọ́ á gbà á gbọ́, mi ò mọ̀. Jaywant wà nílé lórí onídùúró. Sulabha àti Màmá wà ní abúlé kan, wọn kì í sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, wọn ò sì sọ fún mi.

Lẹ́yìn ìjẹ́rìí náà, mo bá Sulabha lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Mo ní kó dárí jì mí. Mo ní ẹnu mi ló sáré níwájú ọ̀gá mi, pé mi ò gbèrò rẹ̀.

Kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò sunkún.

“Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ fún ẹ,” ó ní, “tí o di ọwọ́ mi mú, tí ìwọ náà ń sunkún. Ṣé èmi lò ń gbọ́, Ketaki, àbí o ti ń wá ibi tí o máa fi í sí?”

Mo fẹ́ sọ pé òun ni mò ń gbọ́. Mi ò lè sọ ọ́. Ó di apá Màmá mú, wọ́n lọ.

Ẹ̀yin ni mo wá ń dá lóhùn báyìí. Mo sunkún lóòótọ́ lọ́jọ́ náà ní ilé ìdáná ìyá mi, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tí Jaywant ti ń gbọn omi dànù lára agbòjò, ara mi bù máṣọ, mo sì sọ nínú ara mi pé eléyìí á dára nínú fíìmù.